Ọwọ́ Abẹ́ Àgbọ̀n

"Ọwọ́ méjì ló wà lábẹ́ àgbọ̀n kan," ni ẹ̀rọ náà wí. "Ẹ mú ọ̀kan kúrò kí n lè bẹ̀rẹ̀."

Kò sí ẹni tó mú tirẹ̀ kúrò. Mojírayọ̀ tẹ ìka mọ́ egungun àgbọ̀n Àyọ̀ká lápá ọ̀tún, Fadérera tẹ tirẹ̀ mọ́ ọn lápá òsì. Ọmọ tí wọ́n ń jìjàdù rẹ̀ sùn sáàárín wọn lórí àga gígùn, ọmọge ogún ọdún, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, oorun tí wọ́n fín sí i nímú ti gbé e lọ. Ẹ̀rọ ayọyín náà na apá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ sókè orí rẹ̀, ó sì dúró bí àkọ̀ tó ń ṣọ́ ẹja létí odò.

Dókítà Láníyọnu, tó ni ilé ìtọ́jú eyín náà, jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Àgbà ọkùnrin tó sanra ni, ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ sì máa ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní òun ti rí ibi tí wọ́n ti ń jà sí ilẹ̀, òun ti rí ibi tí wọ́n ti ń jà sí ọkọ, ṣùgbọ́n ìjà orí àgbọ̀n ṣọ̀wọ́n. Ó ní bí oorun bá dá lójú ọmọ yìí kí wọ́n tó parí rẹ̀, òun á fún un ní ẹ̀mú, kó dìde kó fúnra rẹ̀ yọ eyín rẹ̀.

Wọn kò rẹ́rìn-ín. Ojú Mojírayọ̀ wà lára ọwọ́ kejì yẹn. Ìbọ̀wọ́ funfun ni àwọn méjèèjì wọ̀, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ Fadérera hàn níbi tí ìbọ̀wọ́ tirẹ̀ parí sí, ó gbẹ, ó sán, iyọ̀ òkun ti ha á. Ohun tó ń dun Mojírayọ̀ jù ni bí ọwọ́ náà ṣe bá ibẹ̀ mu. Ihò kékeré kan wà ní àgbọ̀n Àyọ̀ká. Irú rẹ̀ gan-an wà ní àgbọ̀n Fadérera. Ẹni tó bá wọlé tí kò mọ̀ wọ́n rí, kò ní béèrè ẹni tó bí ọmọ.

Lára ògiri tó wà níwájú wọn, egungun àgbọ̀n ọkùnrin kan wà nínú gíláàsì, ó là sí méjì. Ẹ̀rọ ló fọ́ ọ láyé àwọn bàbá ńlá wọn, nígbà tí wọ́n ṣì ń fi ẹni tó sùn sílẹ̀ fún ẹ̀rọ nìkan. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ òfin sábẹ́ rẹ̀: ẸNI TÓ MỌ̀ Ọ́N NI KÓ DÌ Í MÚ. Gbogbo ọmọ Òkè Ìsinmi ló mọ ọ̀rọ̀ náà lórí. Ẹni tó bá di àgbọ̀n ọmọ mú lọ́jọ́ tí wọ́n ń yọ eyín ọgbọ́n rẹ̀, òun ni ìlú á máa pè ní ìyá rẹ̀ títí ayé. Òun ni wọ́n á tọ̀ wá bí wọ́n bá fẹ́ fẹ́ ọmọ náà, ọwọ́ rẹ̀ sì ni eyín tí wọ́n yọ máa wà nínú ìgò. Mojírayọ̀ ti kan pákó kékeré kan mọ́ ògiri yàrá rẹ̀, níbi tí ìgò náà máa jókòó sí. Ó ti kàn án kí Fadérera tó padà dé.

Ọdún tí Dúródọlá kú ni kèké Iṣẹ́ Odi kan ilé wọn. Dúródọlá ni ẹ̀gbọ́n Mojírayọ̀, òun náà sì ni ọkọ Fadérera. Ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda àgbàlagbà kan kó lọ ṣiṣẹ́ níbi odi gígùn tí wọ́n fi ń dá òkun dúró, obìnrin méjì péré ló sì kù nínú ilé náà. Kèké mú Fadérera. Ó já ọmọ lẹ́nu ọmú, ó gbé e lé Mojírayọ̀ lọ́wọ́, ó sì wọ ọkọ̀ lọ. Ìgbà tó fi máa padà dé ní oṣù tó kọjá, ọmọ náà ti ga jù ú lọ.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, "Màámi" ni Àyọ̀ká ń pe Mojírayọ̀. Ọjọ́ tí Fadérera wọlé pẹ̀lú àpò rẹ̀ tó ń rùn bí ẹja, ọmọ náà ké láti ẹnu ọ̀nà pé, "Màámi!" Mojírayọ̀ sì dáhùn láti ìdí ààrò kó tó yé e pé òun kọ́ ni wọ́n ń pè. Láti ọjọ́ náà ló ti di "Ìyá Ilé." Àyọ̀ká fi ẹ̀rín sọ orúkọ yẹn, bí ẹni pé oyè ló fi jẹ ẹ́. Mojírayọ̀ fi ẹ̀rín gbà á. Ó wọ yàrá lọ, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó kékeré yẹn.

Láàárọ̀ òní, kí wọ́n tó fín oorun sí i, dókítà ti béèrè lọ́wọ́ Àyọ̀ká pé ta ló fẹ́ kó dì í mú. Ọmọ náà wo ìyá méjì, ó wo ilẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n bá òun yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn, òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun bínú nígbà tí òun bá jí. Ohun tó bá a lẹ́rù yàtọ̀ sí tiwọn. Ó béèrè lọ́wọ́ dókítà lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá ètè òun máa ṣì lè ká jọ lẹ́yìn iṣẹ́ náà.

Súfèé ni iṣẹ́ Àyọ̀ká. Láti ìgbà tí oyin ti tán láyé, kòkòrò irin ló ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó kòkó láti orí igi dé orí igi, súfèé ẹnu ènìyàn nìkan ni wọ́n sì ń gbọ́. Kò sí ẹni tí wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀ tó Àyọ̀ká ní gbogbo oko orí òkè. Ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò náà wà lára kọ́là aṣọ rẹ̀ báyìí, ó ká ìyẹ́ rẹ̀ mọ́ra, ó ń sùn bí olówó rẹ̀.

Dókítà wo aago, ó dìde. Ó ní òun kò lè dúró mọ́. Bí ẹni tó ní eyín kò bá yan ẹnì kan, òfin ní kí ìyá tó bí i kọ́kọ́ dì í mú, bó bá wà láàyè.

"Ó wà láàyè," ni Fadérera sọ, ohùn rẹ̀ tutù. "Ẹ má bínú, Eyínfúnjowó."

Bó ṣe máa ń pe Mojírayọ̀ nìyẹn láti ọjọ́ tó ti wọlé wá bí ìyàwó, nítorí pé ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Ó ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, ó ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, kò sí ibi tí èèyàn ti lè mú un. Ìyẹn náà wà lára ohun tó ń bí Mojírayọ̀ nínú. Bí ó bá jẹ́ oníwàkiwà ni, ì bá rọrùn.

Mojírayọ̀ yọ ọwọ́. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó lọ fẹ̀yìn ti ògiri lábẹ́ àgbọ̀n tó là sí méjì.

Dókítà tan iná sí àwòrán egungun ẹnu Àyọ̀ká, ó sì ṣàlàyé ohun tó fẹ́ ṣe fún wọn. Ó ní eyín ọgbọ́n ni eyín tó ń hù kẹ́yìn ní ìpẹ̀kun ẹnu, nígbà tí àwọn yòókù ti jókòó tán. Bí àyè bá wà, á jókòó pẹ̀lú wọn. Bí àyè kò bá sí, á dùbúlẹ̀ sínú egungun, á máa fi orí ti ẹni tó wà níwájú rẹ̀, ẹran tó bò ó á wú, oúnjẹ á há síbẹ̀, á jẹrà. Méjèèjì tó wà nísàlẹ̀ ló dùbúlẹ̀ báyìí lẹ́nu Àyọ̀ká. Èyí tó wà lápá òsì tún na gbòǹgbò mọ́ iṣan tó ń lọ sí ètè.

"Ó pẹ́ kó tó dé, ó sì ń ti onílé," ni dókítà wí.

Mojírayọ̀ wo ẹ̀yìn orí Fadérera.

Dókítà fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà. Ó ní ohun kan kò yé òun. Àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ òkè, tí ń fa oúnjẹ lílọ̀ láti inú ọ̀rá, àwọn ni òun máa ń rí àgbọ̀n tóóró báyìí lẹ́nu wọn. Ọmọ Òkè Ìsinmi tó bá jẹ orín rẹ̀ láràárọ̀ látìgbà tó ti hu eyín, egungun rẹ̀ máa ń fẹ̀, àyè á sì wà. Kí ló dé tí ti ọmọ yìí rí báyìí?

"Bàbá rẹ̀ ló jọ," ni Fadérera dáhùn. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ mi tóóró díẹ̀."

Mojírayọ̀ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Dúródọlá fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Eyín ló fi ń ṣí ìgò. Òkú kò lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀, ìyàwó sì ń bà á jẹ́ lójú àbúrò rẹ̀. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ti ń bi Fadérera ní ìbéèrè tó máa ń bi gbogbo ẹni tó bá di àgbọ̀n mú.

"Orín wo ni ọmọ yìí jẹ nígbà tó wà léwe?"

"Orín àtà," ni Fadérera sọ, ó sì gbé orí sókè. "Láti orí odi òkun ni mo ti ń fi ránṣẹ́ sí i. N kò jẹ oúnjẹ ọ̀sán nígbà mìíràn kí n lè rí ẹni bá mi gbé e dé orí òkè. Kò sí ọdún tí mo pa á jẹ. Ó jẹ ẹ́ títí eyín àgbà fi hù lẹ́nu rẹ̀."

"Egungun tó jẹ àtà le," ni ẹ̀rọ náà wí. "Mo máa fa eyín náà lódidi. Mo máa lo agbára."

Ìmọ́lẹ̀ pupa kan tàn ní ọrùn apá irin náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Mojírayọ̀ ń wò ó láti ibi ògiri. Òun nìkan nínú yàrá náà ló mọ̀ pé irọ́ ni, Fadérera tó sọ ọ́ kò tilẹ̀ mọ̀. Àwọn ìdì orín yẹn wà lókè àjà ilé wọn títí di òní, okùn pupa tí Fadérera fi dì wọ́n kò tíì tú. Èyí tó kọ́kọ́ dé nìkan ni wọ́n tú. Ìkarahun kan wà nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn ará odi òkun máa ń fi ohùn sí, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá gbé e sínú oòrùn á sọ̀rọ̀. Ó sọ pé, "Àyọ̀ká, ìyá rẹ ni," ọmọ kékeré náà sì jókòó tì í ní àgbàlá, orín lẹ́nu, omijé àti itọ́ ń dà sí i láyà nítorí pé àtà ń ta á, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gba orín náà lọ́wọ́ òun. Mojírayọ̀ pè é, kò dáhùn. Ó gbé ẹ̀kọ wá, kò wò ó. Kí ìkarahun náà tó sọ̀rọ̀ tán, Mojírayọ̀ ti gbà á, ó ki àkísà bọ ìkarahun lẹ́nu, ó dì í mọ́ orín, ó gbé gbogbo rẹ̀ sókè àjà. Ọmọ náà sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, àyà Mojírayọ̀ ló wá sùn sí.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀kọ oníwàrà ni, mọ́ínmọ́ín ni, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ bẹ̀tẹ̀ ni. Ọmọ náà sì ń tẹ̀ lé e kiri bí òjìji rẹ̀. Bí àwọn obìnrin Ìgbìmọ̀ Ìyá bá ń bọ̀ wá yẹ ẹnu àwọn ọmọdé wò, Mojírayọ̀ á fi èèpo àtà ra ètè ọmọ náà, kí ẹnu rẹ̀ lè máa rùn bí ẹnu ẹni tó jẹ orín.

Apá irin náà ti dé ẹnu Àyọ̀ká.

Ìrònú kan wá bá Mojírayọ̀ nígbà náà, ó wá wẹ́rẹ́, bí ẹni mímọ̀ tó ń wọ ilé rẹ̀. Bó bá dákẹ́, kò sí ohun tó kàn án. Ọwọ́ Fadérera ló wà lábẹ́ àgbọ̀n. Ẹnu Fadérera ló fi dáhùn. Bí egungun bá sán, bí ètè ọmọ bá kú, Fadérera ni gbogbo ìlú á nàka sí: ẹ wo ìyá tó ti orí omi dé, tó fẹ́ di ọmọ tí kò mọ̀ mú. Àyọ̀ká fúnra rẹ̀ á jí, á wo obìnrin náà pẹ̀lú ètè tó ti wọ́ sápá kan, ọ̀dọ̀ Mojírayọ̀ ló sì máa padà wá sunkún sí. Á tún pè é ní Màámi.

Ó dùn lọ́kàn rẹ̀. Fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mí sínú, ó dùn gan-an.

Ó wá rí kòkòrò irin ara kọ́là yẹn. Àyọ̀ká ti fi òwú aláwọ̀ ewé so ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, kó má bàa sọ nù láàárín àwọn tó jọ ọ́, bí èèyàn ṣe ń so ẹsẹ̀ òròmọdìyẹ.

"Dókítà, ẹ dá a dúró," ni Mojírayọ̀ wí. "Ọmọ yẹn kò jẹ orín dàgbà."

Dókítà na ọwọ́, apá irin náà sì dúró. Fadérera kò yí orí padà. Ó béèrè, ohùn rẹ̀ kéré, bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà, pé àwọn orín tí òun ń fi ránṣẹ́ ńkọ́.

"Wọ́n wà lókè àjà."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, Ìyàwó. Ẹ̀kọ ni mo fi tọ́ ọ. Egungun rẹ̀ kò le, dókítà, kò lè gba agbára yẹn. Apá ọ̀tún ló sì fi ń jẹun láti kékeré, apá òsì ni kò le jù. Bó bá sùn, ó máa ń wa eyín pọ̀ ní apá òsì yẹn, mo máa ń fi ìka yà á."

Dókítà Láníyọnu kò ṣe ẹ̀fẹ̀ kankan. Ó yí nǹkan padà lára ẹ̀rọ náà, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí ara rẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá fà á lódidi pẹ̀lú agbára tí ẹ̀rọ fẹ́ lò yẹn, egungun ni ì bá tẹ̀ lé e. Wọ́n máa gé eyín náà wẹ́wẹ́ níbi tó sùn sí, kí wọ́n sì máa ṣa á jáde díẹ̀díẹ̀, kí gbòǹgbò rẹ̀ má fa iṣan yẹn.

"Ta ló mọ èyí?" ni ẹ̀rọ náà béèrè.

"Obìnrin tó wà níbi ògiri," ni dókítà dáhùn.

"Òun ni mo fẹ́."

Fadérera fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lábẹ́ àgbọ̀n ọmọ rẹ̀, ìka kan tẹ̀ lé ìka kan. Nígbà tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mojírayọ̀, wọ́n wo ara wọn. Mojírayọ̀ ti rò pé ìbínú ni òun máa bá lójú rẹ̀, ó sì ti múra sílẹ̀ dè é. Ohun tó bá níbẹ̀ yàtọ̀. Ojú náà lẹ̀ mọ́ ọwọ́ Mojírayọ̀ bó ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́, ó ń bá a lọ sábẹ́ àgbọ̀n, ó ń wo bó ṣe rí ibi tó yẹ láì wá a. Mojírayọ̀ mọ ojú yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e kiri láti oṣù tó kọjá.

Ohun tó ń wá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, kò sì dùn tó bó ṣe rò.

Iṣẹ́ náà pẹ́. Ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ la ẹran tó bo eyín, ó ṣí egungun díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e pẹ̀lú ohùn tó dà bí ìgbà tí èèyàn ń ha ìdí ìkòkò. Lẹ́ẹ̀mejì ni Mojírayọ̀ gbọ́ ọ lábẹ́ ìka rẹ̀ pé egungun fẹ́ yẹ̀, kó tó yẹ̀. Ó tẹ ìbọ̀wọ́ tó so mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ dúró, ó gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí ègé tó kẹ́yìn lápá òsì jáde, dókítà mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ bá òun nu iwájú orí. Fadérera ló nù ún fún un.

Àyọ̀ká jí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú. Dókítà ní kó má tutọ́, kó má fi ọ̀pá fa ohunkóhun mu, kó máa bu aṣọ funfun tó wà lẹ́nu rẹ̀ jẹ kí ẹ̀jẹ̀ lè dì. Oúnjẹ rẹ̀ ni ẹ̀kọ tútù, títí ojú egbò á fi pa dé.

"Ìyẹn kò ní ṣòro fún ilé wa," ni Fadérera wí.

Mojírayọ̀ gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. Dókítà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun máa gbà kí ọmọ náà súfèé, díẹ̀ báyìí, kí òun lè mọ̀ bóyá iṣan yẹn yè. Àyọ̀ká ká ètè jọ. Afẹ́fẹ́ lásán ló kọ́kọ́ jáde, àwọn ìyá méjèèjì sì di ara wọn lápá mú láì mọ̀. Ó tún un ká. Ohùn tín-ínrín kan jáde, ó wọ́, ó kéré, ṣùgbọ́n kòkòrò irin náà na ìyẹ́, ó fò dìde láti ara kọ́là, ó yí orí ọmọ náà ká pẹ̀lú òwú aláwọ̀ ewé tó ń fì lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn di ara wọn mú, wọ́n jọ̀wọ́ ara wọn.

Dókítà pe Fadérera sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n tó lọ. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n Mojírayọ̀ gbọ́ ọ. Ó ní ẹni tó bá gbé orín ọmọ pa mọ́, Ìgbìmọ̀ Ìyá lè sọ pé kò tún gbọdọ̀ di àgbọ̀n ẹnikẹ́ni mú mọ́, kí wọ́n sì gba ìgò eyín lọ́wọ́ rẹ̀. Òun kò ní lọ sọ fún wọn. Ìyá tí wọ́n ṣẹ̀ ló lè lọ sọ, bó bá fẹ́. Fadérera dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun máa rò ó.

Lójú ọ̀nà, àwọn obìnrin tó ń pọn omi, ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ fífẹ̀ gbogbo wọn, na ọrùn wo Àyọ̀ká. Ọ̀kan béèrè pé ṣé kì í ṣe ẹnu ẹ̀kọ ni wọ́n ń rí yìí. Èébú tó burú jù lórí òkè náà nìyẹn. Mojírayọ̀ tẹ orí ba, ìgò eyín lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń dúró de ohun tí Fadérera máa sọ. Fadérera kàn ní eyín rẹ̀ ló dùbúlẹ̀, ó sì ń lọ. Kò pe Mojírayọ̀ ní Eyínfúnjowó ní gbogbo ọ̀nà náà. Kò pè é ní nǹkan kan.

Nígbà tí Àyọ̀ká ti dùbúlẹ̀ nínú yàrá, Mojírayọ̀ gbé àkàbà ti òkè àjà. Ó ń sọ àwọn ìdì náà kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Fadérera ń gbà á nísàlẹ̀, ó ń tò ó sí àgbàlá nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́. Eruku bò wọ́n. Okùn pupa wọn ti ṣá. Bí òkìtì náà ṣe ń ga, Fadérera ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"N kò ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ báyìí, Ìyàwó," ni ó wí nígbà tó sọ̀ kalẹ̀. "Mo mọ̀ pé kò tíì yẹ kí o gbà á."

Fadérera ti rí ìdì tí wọ́n tú nígbà kan rí. Ó mú ìkarahun inú rẹ̀, ó fi ìka yọ àkísà tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó nà án wò, bí ẹni tó fẹ́ mọ irú aṣọ tí wọ́n ti ya á. Ó gbé ìkarahun náà sórí òkúta, níbi tí oòrùn ṣì wà.

Ó pẹ́ kó tó gbóná. Lẹ́yìn náà, ohùn ọ̀dọ́bìnrin kan jáde, afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Àyọ̀ká, ìyá rẹ ni. Orín àtà nìyí. Máa jẹ ẹ́ láràárọ̀ kí àyè lè wà lẹ́nu rẹ."

Ibi tí Mojírayọ̀ ti já a gbà nìyẹn. Kò mọ̀ pé ó kù.

"Bó bá ta ọ́ jù, má sunkún. Gbé e fún Eyínfúnjowó, kí wọ́n kọ́kọ́ bá ọ rún orí rẹ̀ kó rọ̀. Eyínfúnjowó, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ọwọ́ yín ni ẹnu ọmọ yìí wà. Ẹ bá wa rún un. Mo mọ̀ pé ó máa ta ẹ̀yin náà."

Ìkarahun náà dákẹ́. Fadérera jókòó sórí àpótí, ó ń wo òkúta náà bí ẹni pé obìnrin mìíràn ló sọ̀rọ̀, ẹni tó ti mọ̀ rí, tó sì ti kú.

Mojírayọ̀ wá ibi tó lè jókòó sí. Ó jókòó sílẹ̀. Ó fa orín kan yọ nínú ìdì àkọ́kọ́, ó fi ẹ̀gbẹ́ ìró nù ún, ó ki orí rẹ̀ bọ ẹ̀yìn ẹnu, ó sì rún un. Ó rò pé á ti gbẹ, pé adùn àti ìkorò rẹ̀ á ti lọ láti ọjọ́ yìí. Títa rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó gba ahọ́n rẹ̀, ó gba ọ̀fun, omi sì jáde lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó ń rún un lọ.

Ó pẹ́ kí Fadérera tó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí i.

"Ẹ rún un kó rọ̀ dáadáa, Eyínfúnjowó," ni ó wí. "Iyọ̀ ti jẹ eyín mi. N kò lè jẹ líle mọ́."

Mojírayọ̀ rún un díẹ̀ sí i, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́. Bí Fadérera ṣe ń fi í sẹ́nu, súfèé kékeré kan jáde láti inú yàrá, èyí tí dókítà ti ní ọmọ náà kò gbọdọ̀ tún ṣe. Àwọn méjèèjì yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Mojírayọ̀ kíyè sí i pé òun ló kọ́kọ́ yíjú. Inú rẹ̀ dùn sí ìyẹn díẹ̀, kò lè ṣe kó má dùn, ó sì tẹ orí ba kíákíá, kí Fadérera má bàa rí i.